Pọ́ǹpù Kan, Oko Méjì

Ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́wàá ni. Oṣù July ni ìyá rẹ̀ gbé e wá síbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì fi tépù tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ń jẹ oúnjẹ tí ara ń fẹ́ yí apá rẹ̀ òsì ká, tépù náà sì dúró lójú yẹ́lò: sẹ̀ǹtímítà 12.1. Ẹni tó bá ti rí tépù yìí rí mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ti pé oṣù 6, tí kò tíì pé ọdún 5, tí apá rẹ̀ bá tó 12.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gíríìnì ni. Láti 11.5 títí dé abẹ́ 12.5, yẹ́lò ni. Bí kò bá tó 11.5, pupa ni, ìyẹn kúrò ní ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ó ti di ti dókítà. Ohun tó mú nọ́ọ̀sì náà fóònù mi ni pé ó mọ ilé tí ọmọ náà ti wá. Ilé onírẹsì ni. Ó ní, "Àǹtí, ilé tí àpò ìrẹsì ń ga dé àjà ní gbogbo December, kí ni ọmọ ibẹ̀ ń wá nínú yẹ́lò?"

Iṣẹ́ àgíríkì ni iṣẹ́ mi. "Àǹtí àgíríkì" ni wọ́n ń pè mí ní apá Yàgbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, tí mo ti ń gun ọ̀kadà kiri oko. N kò ní dárúkọ abúlé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Ẹ sáà mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí ó dé Ejiba, ní ìhà odò Kampe. Wọ́n gbà mí láyè dé ìdí ààrò wọn, wọ́n sì yọ̀ǹda pé kí n kọ ohun tí mo rí, àgàgà èyí tó jẹ́ àṣìṣe tèmi. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé àwa tí à ń kiri sọ fún onírẹsì pé kó gbin oríṣiríṣi, a kì í sábà béèrè ibi tí oríṣiríṣi tó ní tẹ́lẹ̀ gbà lọ.

Àwọn tó wà nínú ilé náà kò pọ̀: ọkọ, ìyàwó, ìyá ọkọ, ọmọ mẹ́rin. Oko wọn ni àkùrọ̀ tó tó éékà méjì àti ààbọ̀, ilẹ̀ òkè díẹ̀ tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ àti iṣu sí, àti ìdí kaṣú mélòó kan. Kí ìrẹsì tó gbòde, iṣu ni Yàgbà fi ń yangàn. Nígbà tí wọ́n dá omi Kampe dúró ní ìlú Omi fún àgbẹ̀, tí ètò ẹ̀yáwó Anchor Borrowers bẹ̀rẹ̀ ní November 2015, tí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ ìbó-ìrẹsì ńlá kalẹ̀ sí Ejiba, gbogbo àkùrọ̀ di owó. Ní August 2019 tí ìjọba ti ẹnubodè pa, ẹni tó ní àkùrọ̀ di ọ̀gá láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Iṣu kò rọrùn láti kó lọ sọ́jà lójijì nígbà tí owó ilé-ìwé bá dé. Ìrẹsì, àpò mẹ́ta péré, a ti kúrò lójú ìtìjú. Omi kànáàlì kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mò ń sọ yìí, òjò àti ìsun inú àkùrọ̀ ni wọ́n gbójú lé, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń gbin ìrẹsì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà gbà là nígbẹ̀yìn.

Mo jókòó ti ìyàwó náà ní ẹ̀yìnkùlé. N kò bi í pé ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa, nítorí ẹni tí a bá bi bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ni yóò sọ. Mo ní kó ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ jẹ lánàá fún mi, láti ìgbà tó jí títí tó fi sùn. Àárọ̀, kòkó ìrẹsì mímu àti ṣúgà. Ọ̀sán, ìrẹsì funfun tí wọ́n bu òróró sí, pẹ̀lú ata gígún àti iyọ̀. Alẹ́, tùwó ìrẹsì, ọbẹ̀ ilá, àti ẹja wẹ́wẹ́ kan tí gbogbo ilé jọ pín. Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ń wo oúnjẹ obìnrin tó wà láàrin ọdún 15 sí 49: wọ́n pín oúnjẹ sí ẹ̀yà 10, wọ́n ní ẹni tó bá jẹ tó ẹ̀yà 5 láàárín ọjọ́ kan ti ń gbìyànjú. Ohun tí kò bá tó ṣíbí ìjẹun kan, wọn kì í kà á. Ẹja yẹn kò tó o, ata náà kò tó o. Ó ku ilá, ó ku ìrẹsì. Méjì nínú mẹ́wàá. Kòkó, ìrẹsì, tùwó: ẹ̀ẹ̀mẹta ló jẹun, ẹni kan náà ló ń pààrọ̀ aṣọ wá kí i. Ohun kan náà ni ọmọ jẹ, àfi ọmú tí wọ́n ti já lẹ́nu rẹ̀ láti bí oṣù mẹ́rin.

Ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ burúkú. Ó ń fúnni lágbára, inú ọmọ sì gbà á. Ṣùgbọ́n kò sí fítámìn A nínú ìrẹsì funfun, irin inú rẹ̀ kéré, purotéènì tó wà nínú gíráàmù 100 ìrẹsì sísè kò sì tó gíráàmù 3. Èyí tó dára jù lára rẹ̀ wà nínú awọ tín-ín-rín tó bo ọkà, ẹ̀rọ sì ti bó ìyẹn lọ pẹ̀lú èérí. Èérí yìí ló pa mí lẹ́rìn-ín ní ilé yẹn, ẹ̀rín tí kò dùn. Ní nǹkan bí ọdún 1890 sókè, dókítà ará Nẹ́dálándì kan, Christiaan Eijkman, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Java, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Indonesia lónìí. Ó rí i pé adìẹ tí wọ́n ń fi ìrẹsì funfun bọ́ a máa rọ lẹ́sẹ̀, a máa ṣubú. Bí wọ́n bá yí i padà sí ìrẹsì tí èérí ṣì wà lára rẹ̀, a dìde. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là dé ọ̀dọ̀ fítámìn B1, ó sì gba Ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1929. Ní ilé tí mo wà yìí, adìẹ ló ń jẹ èérí, ọmọ ló ń jẹ funfun. Adìẹ wọn sì sanra o.

Lóòótọ́, sísè tí àwọn obìnrin wa ń se ìrẹsì eléèpo nínú dúrọ́ọ̀mù kí wọ́n tó gbé e lọ bó, ó ń ti díẹ̀ nínú fítámìn yẹn wọ inú ọkà. Ṣùgbọ́n tí a bá tún wá bọ ìrẹsì náà nílé, tí a da omi rẹ̀ nù kí ó lè ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a ti da díẹ̀ nínú rẹ̀ sẹ́yìnkùlé.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ ilé yẹn nìyẹn. Ọdún tó ṣáájú, èmi fúnra mi ni mo gbé sóyà wá fún wọn. Nínú gíráàmù 100 sóyà gbígbẹ, purotéènì tó bíi gíráàmù 36, ó fi bí ìdajì ju ti ẹ̀wà lọ. Ó ń ṣe ilẹ̀ lóore. Ó hù, ó so. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi pé ilé yìí ti ń gbin oríṣiríṣi. Ní December, oníṣòwò kan tó ń ra ohun tí wọ́n fi ń po oúnjẹ adìẹ gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ dé, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ, kò ku mudu kan. Adìẹ ló tún jẹ ẹ́. Ìyàwó náà sọ fún mi pé òun gbìyànjú mílíìkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń rùn bí ẹ̀wà tútù, àwọn ọmọ fi sílẹ̀. Ohun tí a kò mọ̀ ọ́n sè, tí olówó sì ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà, níbo ni yóò ti ráyè wọ ìkòkò?

Nítorí náà ní July yìí, mo tún padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́. Mo ń sọ̀rọ̀, ìyàwó ń mi orí. Màmá, ìyá ọkọ, jókòó sórí àpótí, wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì lórí atẹ. Wọ́n gbọ́ mi títí, wọn kò gbé ojú sókè, wọ́n kàn ní:

"Ọmọ mi, okun o. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni o máa kọ́ wa ní ẹ̀fọ́ jíjẹ. Inú oko ìrẹsì yìí náà ni a ti ń já a. Tẹ̀tẹ̀ wà lórí ààlà, odú wà níbẹ̀, ewédú tí ẹnikẹ́ni kò gbìn wà níbẹ̀. Bí a bá ń lọ fa koríko, a ó gbé agbọ̀n dání. Ìgbà tí oògùn dé, ta ló tún ń lọ fa koríko?"

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, ẹnikẹ́ni kò là á fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Oògùn koríko tí wọ́n ń fín sí ìrẹsì lẹ́yìn tó bá ti hù, 2,4-D, mọ ẹni tó ń pa. Ó ń fi ohun tó ní ewé tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrẹsì sílẹ̀, ó ń pa ohun tó ní ewé fẹ̀. Ẹ wá ka àwọn tó ní ewé fẹ̀ nínú oko wa: tẹ̀tẹ̀, odú, ewédú, ilá, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, ànàmọ́. Gbogbo ohun tí à ń pè ní ọbẹ̀ ni. Lójú oògùn yẹn, èpò ni gbogbo wọn. Àwa la tà á fún wọn, àwa la kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pò ó, a sì padà dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a ń fi àwòrán ẹ̀fọ́ hàn wọ́n nínú ìwé.

N kò sọ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú oògùn. Ẹni tí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fa koríko éékà méjì nínú omi rí, kó má ṣe gba onírẹsì nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin gan-an ni iṣẹ́ yẹn ń pa, ẹ̀yìn wọn ló ń dùn. Ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ kan tó kúrò lọ́rùn wọn gbé agbọ̀n ẹ̀fọ́ lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ ìyẹn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdánù, torí ẹ̀fọ́ yẹn kò ní orúkọ nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ohun ọ̀gbìn, kò dé ọjà.

A gbà pé ẹ̀wà la máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sè: mọ́ínmọ́ín, àkàrà, gbẹ̀gìrì, àdàlú. Ìrẹsì àti ẹ̀wà sì bára wọn mu ju bí a ṣe rò lọ. Nínú àwọn èròjà tí purotéènì fi ń di ara, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ lysine, ìrẹsì kò ní in tó, ó pọ̀ nínú ẹ̀wà. Èyí tí ẹ̀wà kò ní tó, ìrẹsì ní in. Ọkọ fún ìyàwó ní ilẹ̀ kékeré kan létí òkè, ìṣísẹ̀ 20 sí 15, lókè àkùrọ̀. Àárín August la gbìn ín, kí ó lè so nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí òjò má bàa jẹ èso rẹ̀ rà. Ó hù dáadáa. Ìyàwó náà a máa ya ibẹ̀ wò ní àárọ̀ kó tó lọ sódò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ bo ọ̀mùnú rẹ̀, àwọn tó ń fa omi ara ewé. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè ẹ̀wà tuntun tí wọ́n fún láṣẹ ní Nàìjíríà ní 2019, SAMPEA 20-T. Kòkòrò tó ń lu èso ni ìyẹn kọ̀ lẹ́nu, àwọn afàmu wọ̀nyí kò bẹ̀rù rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fín oògùn kòkòrò, mo sọ orúkọ rẹ̀, mo sọ ìwọ̀n rẹ̀, mo ní kí wọ́n ṣe é ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n bo imú. Ọkọ bá a fín in. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe wí.

Ọjọ́ kẹta, fóònù mi dún. "Àǹtí, ewé ẹ̀wà ti di ẹ̀ṣẹ́ o."

N kò lóye rẹ̀ àfi ìgbà tí mo débẹ̀. Bí ìyàwó náà ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí. Ewé tuntun kọ̀ọ̀kan ti ká wọnú bí ẹni pé ó di owó mú, ẹ̀ka rẹ̀ lọ́ bí ọrùn ẹni tó ń wẹ̀yìn. Mo kọ́kọ́ rò pé àrùn ni, èyí tó máa ń mú ewé ẹ̀wà ṣe kàlákàlá. Mo wo ewé kan, mo wo èkejì, kò sí kàlákàlá. Mo wá dìde dúró, mo wo gbogbo ebè náà láti òkè. Níbi tí ọkọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fín, ó burú jù. Bó ṣe ń lọ síwájú, ó ń dínkù. Ebè méjì tó kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan.

Mo ní, "Bàbá ọmọ, pọ́ǹpù wo lẹ lò?"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. "Àǹtí, pọ́ǹpù mélòó la ní?"

Ó gbé e wá. Mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo fi imú kàn án. Òórùn 2,4-D ṣì wà nínú rẹ̀ gbọnmọgbọnmọ, bẹ́ẹ̀ July ló ti lò ó kẹ́yìn. Ó ní òun fi omi ṣàn án. Ó ṣàn án lóòótọ́. Oògùn yẹn a máa lẹ̀ mọ́ inú rọ́bà àti ẹnu páìpù, omi ẹ̀ẹ̀kan kò ràn án. Ẹ̀kán díẹ̀ péré ni ẹ̀wà ń fẹ́. Mo ti sọ fún wọn nípa imú, nípa ìrọ̀lẹ́, nípa ìwọ̀n. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí ni n kò béèrè ohun tí pọ́ǹpù náà ṣe kẹ́yìn. Ìyàwó náà kò bá mi jà. Ó fa ẹ̀wà kan tu, ó wò ó, ó jù ú sí ewúrẹ́. Mo ké sí i pé kó mú un kúrò lẹ́nu ewúrẹ́. Ọjọ́ yẹn, mo gun ọ̀kadà lọ sílé, n kò lè jẹun.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí n tó lè padà lọ. Ìgbà yẹn ni ọkọ fúnra rẹ̀ sọ ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà, kò sì mọ̀ pé ohun ńlá lòun sọ. Mo ń wá ilẹ̀ tó jìnnà sí ìrẹsì, kò sí. Ó ní, "Tí ìrẹsì bá kúrò nílẹ̀ ní November, kí lẹ fẹ́ fi àkùrọ̀ ṣe? Màlúù ló ń jẹ é."

Ìrẹsì wọn, FARO 44, a máa pé ní bí oṣù mẹ́rin. Ní àárín November ó ti kúrò nílẹ̀. Lábẹ́ ẹrẹ̀ tó ti ń sán lójú yẹn, ìka mẹ́rin sísàlẹ̀, ilẹ̀ ṣì tutù. Ṣàǹgà ìṣísẹ̀ méjì a máa sun omi títí di February. Oògùn koríko tó bọ́ sílẹ̀ ní July ti pòórá kúrò nínú rẹ̀ tipẹ́. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù: láti ọjọ́ tí ìrẹsì bá ti kúrò títí di June, kò sí ọkùnrin kan tó ka ilẹ̀ yẹn sí oko. Kò ní olówó, kò ní ẹ̀yáwó lórí, kò sí nínú ìṣírò ọkọ. Ọ̀pọ̀ ọdún la ti ń bẹ àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n gé díẹ̀ kúrò lára ilẹ̀ ìrẹsì fún ìyàwó wọn, wọ́n sì ń wò wá bí ẹni tó ní kí wọ́n gé ìka. A kò tọrọ ìka mọ́. Oṣù mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ la tọrọ, ó sì fún wa, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó náà gba owó iṣẹ́ ìrẹsì tó bá àwọn aládùúgbò fi atẹ fẹ́, ó fi ra pọ́ǹpù àlòkù ní Ìsánlú. Ó so aṣọ pupa mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ fún gbogbo ilé pé ẹni tó bá fi oògùn koríko sínú pọ́ǹpù yìí, òun ló máa se ọbẹ̀ fún ọdún kan.

Wọ́n gbin ẹ̀wà, èyí tó ń pé láàárín bí oṣù méjì. Wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ilá sí ẹ̀gbẹ́ ṣàǹgà. Mo wá okùn ànàmọ́ aláwọ̀ ọsàn, irú èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn onígbòǹgbò ní Umudike kó jáde, tí wọ́n ń pè ní Mother's Delight. Àwọ̀ ọsàn inú rẹ̀ ni ara ń yí padà di fítámìn A. Ojúgbà mi kan ní ìhà Ọ̀fà, níbi tí ànàmọ́ ti jẹ́ ọba, ló fi ránṣẹ́ sí mi nínú àpò tó ti rin omi.

Màlúù jẹ ànàmọ́. Alẹ́ kan ṣoṣo ní January, gbogbo okùn rẹ̀ lọ, ó ku èyí tí Màmá gbìn sí ẹ̀yìn balùwẹ̀. Inú bí ọkọ, ó fẹ́ lọ bá darandaran jà. Baálé abúlé ló dá a dúró, ó pe ọ̀gá àwọn darandaran náà, ó sì jẹ́ pé òtítọ́ wà lẹ́nu ọkùnrin yẹn: láti ọdún mẹ́wàá, ẹ̀yin ló ní kí a máa wá jẹ pòròpóro ìrẹsì ní àkùrọ̀ yìí, ta ló sọ fún wa pé ẹ ti gbin nǹkan? Wọ́n fi ẹ̀gún ṣe ọgbà, wọ́n fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún màlúù láti dé odò. Ẹ̀gún nìkan kọ́ ló dá wọn dúró o, àdéhùn yẹn ni.

Èyí tó kù so. Ẹ̀wà jẹ́ mudu 24. Ẹ̀fọ́, ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń já a. Ní ìdí ààrò, ohun tí mo sọ kò pọ̀. Mo ní kí wọ́n yọ kánún kúrò nínú ẹ̀wà, torí ó ń ba fítámìn B1 jẹ́, ohun tí ìrẹsì kò tiẹ̀ ní púpọ̀ tẹ́lẹ̀; kí wọ́n rẹ ẹ̀wà mọ́jú dípò rẹ̀. Mo ní kí wọ́n padà sí epo pupa, kí wọ́n má sì yọ́ ọ títí tó fi máa funfun, nítorí pupa tí wọ́n ń lé lọ yẹn gan-an ni ara ń wá. Kí wọ́n fi tòmátì tútù sí ẹ̀fọ́, ó ń jẹ́ kí ara rí irin inú ẹ̀fọ́ gbà. Ọ̀rọ̀ ẹyin ni wọn kò gbà. Màmá ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́, ẹ kò jẹ ẹyin rí ní kékeré?" Wọ́n ní àwọn jẹ ẹ́, àwọn sì jí ẹran nínú ìkòkò ìyá àwọn títí wọ́n fi lọ sílé ọkọ. A rẹ́rìn-ín, ẹyin sì wà níbi tó wà.

Màmá náà ló tún mú òtílí, ẹ̀wà orí igi, jáde. Ìdí kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn ilé, ó ti gbó, ó ga ju èèyàn lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kì í jẹ ẹ́ mọ́, wọ́n ní oúnjẹ ìgbà ìyà ni, ó sì ń jẹ igi ìdáná kó tó rọ̀. Wọ́n ká èso rẹ̀, wọ́n gbìn ín sí gbogbo etí ilẹ̀ òkè náà bí ọgbà. Òtílí kò béèrè nǹkan púpọ̀, ó lè wà nílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ọ̀dá kì í tètè mú un.

Ní òpin February, nọ́ọ̀sì tún fi tépù wọn ọmọ náà: 12.7. N kò ní sọ pé ẹ̀wà ló ṣe é. Wọ́n ti tọ́jú ibà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìgbà yẹn, wọ́n fún un ní oògùn aràn, ó sì ti dàgbà sí i. Oúnjẹ ìyá rẹ̀ tí mo kà lọ́jọ́ yẹn jẹ́ ẹ̀yà 5. Ní May tí mo tún kà á, 3 ni. Ẹ̀ẹ̀rùn ti jó ṣàǹgà gbẹ, ẹ̀fọ́ ti tán, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ẹni tó bá sọ pé àkùrọ̀ ẹ̀yìn ìrẹsì ti yanjú ọ̀rọ̀ náà tán kò tíì gbé oúnjẹ May kaná rí.

Ohun tó yẹ kó gbà wọ́n ní May ni ẹ̀wà tó wà nínú àpò. Mudu 14 la tọ́jú sínú àpò onípele mẹ́ta, irú èyí tí wọ́n ń pè ní PICS, ọ̀rá méjì nínú, àpò líle lóde. Tí a bá di ẹnu rẹ̀ dáadáa, atẹ́gùn inú rẹ̀ a tán, kòkòrò ẹ̀wà a kú láìsí oògùn. Ní April, ọkọ fẹ́ tà á fi ra ajílẹ̀ ìrẹsì. Mo gbọ́ pé ariwo ńlá sọ. Màmá ló gbé àpò náà lọ sí yàrá tiwọn, wọ́n tì í sábẹ́ ibùsùn, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀wà kó wá bá àwọn lórí rẹ̀ ní òru. Ìdajì oṣù May la ṣí i. Kò sí kòkòrò kan tó ń rìn nínú rẹ̀. Ọkọ náà jẹ nínú mọ́ínmọ́ín ọjọ́ yẹn, kò sọ nǹkan kan, ó tún bu.

Mo padà kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìrẹsì ti hù, ọjọ́ fífín oògùn koríko ti pé. Òtílí Màmá ti tó orúnkún létí òkè, ìyàwó sì ti gbin tẹ̀tẹ̀ àti ilá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọkọ gbé pọ́ǹpù tirẹ̀, èyí tí kò ní aṣọ pupa, ó pọn ọ́n, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ààlà. Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu iyanrìn gbígbẹ díẹ̀, ó jù ú sókè, ó ń wo ibi tó dorí kọ. Apá ilá ni. Ó sọ pọ́ǹpù náà kalẹ̀, ó ní òun á padà wá ní àárọ̀ ọ̀la.